Odò Ti Dé Ẹsẹ̀ Ibojì Orrin Tadlock, Kọ́kọ́rọ́ Ṣì Wà Lápò Wa

Orrin Tadlock kú ní ọdún 1923. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún yìí, a jẹ́ kó tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Odò Brazos ti jẹ ilẹ̀ abẹ́ òkúta orí ibojì rẹ̀ tán. Òkúta náà yẹ̀, ó já sínú omi, lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa ní Rosenberg, nítòsí Houston. Bàbá Bọ̀wálé, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ló wà nítòsí. Wọ́n ní ó dún gbì, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn firísà ńlá. Nígbà tí wọ́n yíjú sí i, òfìfo ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí n sì dárúkọ ẹni tó mọ̀.

Bèbè odò ń ya. Bàbá Bọ̀wálé mọ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa, Òkè Ìmúṣẹ, mọ̀: lẹ́tà mẹ́rin ni Bàbá kọ sí wọn, èdà gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò mọ̀: wọ́n dá èsì padà pé ilẹ̀ àdáni ni, kí onílẹ̀ lọ tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀. Alàgbà Olúṣínà, akọ̀wé ìgbìmọ̀, mọ̀. Àwọn ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì. Èmi náà mọ̀, ẹ kọ orúkọ mi sí i. Èmi ni mo ṣètò fẹ́ǹsì tí a fi yí ibojì wọ̀nyẹn ká. Ìgbìmọ̀ fún mi ní oṣù kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi parí rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a ra ilẹ̀ yẹn, ọ̀pá irin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí òkú kan, yàtọ̀ sí òkúta Tadlock fúnra rẹ̀. Méjìlélógún ló kù. Mẹ́sàn-án ti bá omi lọ, àwọn àti ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Ṣé ẹnì kankan kéde é nínú ìjọ? Ṣé a dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan péré? Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbà tí òkúta já, ìkéde tí a gbọ́ ni pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ má ṣe páàkì sórí koríko mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ kedere kí ẹ má baà rò pé ìbínú lásán ni mò ń kọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ṣú lápá Fulshear, fóònù ni mo máa ń gbé láti wo bí odò ṣe ga tó. Mo máa ń wò ó ní àárín ìpàdé, nínú ọkọ̀ lórí freeway, níbi tí mo ti ń to ọjà sínú kẹ̀kẹ́ nílé ìtajà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì líle ń bẹ̀rẹ̀ níbí. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ ní Houston mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti rí omi tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, tó gba ti ẹ̀yìn jáde, tó gbé fìríìjì léfòó bí ẹní gbé páálí. Omi yẹn kò ní dúró bi ibojì pé ta ló ni ín.

Ta ló tilẹ̀ ń jẹ́ Orrin Tadlock?

Òyìnbó ni. Káfíńtà ni. Kì í ṣe ẹbí wa, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ó gbọ́ orúkọ Yorùbá rí láyé rẹ̀. Nígbà tirẹ̀, oko ìrèké ló kún gbogbo agbègbè yìí, títí kan ibi tí ẹ ti ń ra ilé tuntun lónìí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń gé ìrèké náà. Wọ́n ń yá wọn fún àwọn olóko bí ẹní yá màlúù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúdú bíi tiwa. Ẹlòmíràn jí ẹlẹ́dẹ̀ kan, ẹlòmíràn kò jí nǹkan kan. Oòrùn ń pa wọ́n, ibà ń pa wọ́n, pàṣán ń pa wọ́n. Bí ọ̀kan bá sì ti kú, olóko á ránṣẹ́ sí Tadlock pé kó wá kan pósí.

Káfíńtà gbọ́dọ̀ wọn òkú kó tó gé pákó. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Á wọn gíga ẹni náà, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, á sì bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?” kó má baà gbé pósí ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún orúkọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló fi ìwé náà sí ilé ìkàwé kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bàbá Bọ̀wálé lọ ṣe èdà rẹ̀, ó sì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nọ́ńbà keje: Ezra, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́wàá, òun ló ń lé orin fún wọn lóko. Nọ́ńbà kẹrìnlá: Wiley, kékeré ni, ìyá rẹ̀ ló ń pè títí tó fi kú. Nọ́ńbà kọkàndínlógún: kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, Louisiana ló ti wá, ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, àti orúkọ ibi tó ti wá, ni gbogbo ohun tó kù láyé nípa ọkùnrin yẹn. Nọ́ńbà kọkàndínlógún wà lára àwọn mẹ́sàn-án tí odò ti gbé lọ.

Nígbà tó di ọdún 1905, olóko ní iṣẹ́ pósí ti ń pẹ́ jù, kí wọ́n máa fi àpò wé àwọn tó bá kú. Tadlock kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi láti béèrè orúkọ. Mo fẹ́ sọ pé ọkàn rẹ̀ mọ́ gaara láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ Bàbá Bọ̀wálé ò gbà fún mi.

“Má sọ ọ́ di áńgẹ́lì o,” wọ́n ní. “Ọdún mẹ́fà ló fi ń kan pósí fún wọn tí kò la ẹnu. Ìgbà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó rí i pé nǹkan ò dáa.”

“Ẹ̀yin náà kúkú máa ń ba nǹkan jẹ́, Bàbá.”

“Òótọ́ ni mò ń sọ. Àmọ́ gbọ́ èyí náà: nígbà tó la ẹnu yẹn, kò pa á dé mọ́.”

Ní ọdún 1906 ó díje, ó wọlé, wọ́n sì rán an lọ sí ilé aṣòfin ní Austin. Àbá òfin kan ṣoṣo ló gbé lọ́wọ́. Kò gùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kú sọ́wọ́ ìjọba láìlórúkọ: kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó kú àti ohun tó pa á sínú ìwé, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyẹn nìkan. Kò tilẹ̀ ní kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó gbé e wá ní 1907, àwọn olóko àti ọ̀rẹ́ wọn dà á nù. Ó gbé e padà ní 1909. Wọ́n ní àwọn yóò wò ó, wọn ò wò ó. Ó tún gbé e wá ní 1911. Nígbà yẹn wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, “Ọ̀gbẹ́ni Pósí” ni wọ́n ń pè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olóko dìde, ó bi í léèrè níwájú gbogbo ènìyàn bóyá ó fẹ́ kan pósí fún gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tadlock dúró títí ẹ̀rín fi tán, ó ní, “Ẹ dáwọ́ pípa wọn dúró ná, èmi náà á padà sídìí tábìlì tí mò ń kàn.”

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fa ẹlòmíràn kalẹ̀ láti bá a dupò, Tadlock sì fìdí rẹmi. Bí ọdún mẹ́fà rẹ̀ nílé aṣòfin ṣe parí nìyẹn. Kò sí òfin, kò sí ère, kò sí òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú àwọn tó ń fún ènìyàn ní máàkì lẹ́nu iṣẹ́ wò ó, òdo ló gbà.

Ó padà sílé. Ó rọ ọ̀pá irin mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó sì ń lọ gún wọn sórí ibojì lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé kékeré yẹn. Ọdún méjì ló fi ṣe é. Ohun tí ilé aṣòfin ò ṣe, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní ìparí ìlà náà ni kí wọ́n sin òun sí, lẹ́yìn ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ gbé òkúta lé e lórí, ó kọ gbólóhùn kan sí i: Ó KỌ ORÚKỌ WỌN SÍLẸ̀.

Òkúta yẹn ló wà nísàlẹ̀ odò báyìí, nínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nígbà tí a rí ilẹ̀ náà, inú wa dùn. Ó fẹ̀, ó dákẹ́, odò wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àdúrà àti ìrìbọmi. Lẹ́yìn tí a buwọ́ lùwé tán la rí àwọn ọ̀pá irin nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ Aládùúrà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbé òkú wọ ilé àdúrà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kì í dé ibi pẹpẹ títí ọjọ́ méje yóò fi pé, tí yóò sì wẹ ìwẹ̀nùmọ́. Bàtà kì í kan ilẹ̀ mímọ́, kí á má tíì wá sọ ti egungun. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kí a fẹ́ǹsì ibẹ̀, kí a tì í pa, kí á máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ìrántí. Ọ̀wọ̀ ni a pè é. A bọ̀wọ̀ fún wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi wo ibi tí wọ́n wà mọ́. Odò wá ń jẹ ilẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì, àwa wà níwájú fẹ́ǹsì, a wọ aṣọ funfun, a ń kọrin.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá Mojọlá kú. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ wọ́n: àwọn ló ń fọ sùtánà àwọn ẹgbẹ́ akọrin àti ti àwọn alàgbà. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí a má gbé òkú àwọn lọ sílé, pé gbogbo ẹni tó lè bẹ àwọn wò níbẹ̀ ti kú tán. “Ẹ sin mí síbi tí Èyítáyọ̀ lè wa ọkọ̀ dé ní ìdajì wákàtí.” Èyítáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni, Fulshear ló ń gbé. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ti jẹ́ ibi ìsìnkú tẹ́lẹ̀, òfin gbà wá láàyè láti sìnkú síbẹ̀. Inú fẹ́ǹsì náà la sin Màmá sí, lẹ́yìn ìlà Tadlock. Àwọn ni ẹni wa kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí òkúta já, Èyítáyọ̀, Bàbá Bọ̀wálé àti èmi dúró ní géètì, Alàgbà Olúṣínà sì dúró lókèèrè sí wa. Alàgbà ti wọ sùtánà tán.

“Ẹ ò lè ṣàdédé wọbẹ̀,” Alàgbà ní. “Ọjọ́ ìrántí ṣì ku oṣù méje.”

“Ṣínà,” Bàbá ní, “wàá lọ sọ fún odò kó dúró de oṣù méje?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Mò ń lọ sí ibi pẹpẹ ní agogo méjìlá. Mi ò lè sún mọ́ géètì yẹn rárá.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o sún mọ́ ọn? Ju kọ́kọ́rọ́ wá.”

Alàgbà jù ú láti ọ̀nà jíjìn. Ó bọ́ sínú koríko. Àwa mẹ́ta, tí ẹnì kan nínú wa lé lọ́gọ́rin ọdún, kúnlẹ̀, a ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú koríko bí àwọn tí owó bọ́ lọ́wọ́ wọn, akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì dúró lókèèrè, wọ́n ń tọ́ wa sọ́nà: “Ẹ lọ sápá òsì díẹ̀ sí i. Rárá o, òsì tèmi.”

Nígbà tí a wọlé tán, Bàbá ò tiẹ̀ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ bèbè. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n ké mọ́ mi, “Dúró! Ilẹ̀ tó o fẹ́ tẹ̀ yẹn, abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo!” Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ni mò ń wò o. Kò sí ohun tó fi jọ pé ikú wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ní kí a dùbúlẹ̀, kí a máa fi àyà wọ́, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe. Nígbà tí mo yọ orí sí etí bèbè, mo rí omi pupa nísàlẹ̀, ó jìn tó ilé alájà méjì, ó ń yí po lójú kan. Lára ògiri ilẹ̀ tó kọjú sí odò, pákó kan yọ jáde. Ó gún régé, igun rẹ̀ ṣì mú. Pósí ni.

“Ọgọ́fà ọdún,” Bàbá sọ fún ara wọn. “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn.”

A wọn ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ibojì, lápá odò, ni òkúta Tadlock dúró sí kó tó já; láti bèbè dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Èyítáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló di téèpù mú dé ẹsẹ̀ ibojì ìyá rẹ̀.

“Mẹ́tàlélógún,” ó ní. “Bàbá, mélòó ni ní àkókò yìí lọ́dún tó kọjá?”

“Mọ́kànlélógójì.”

Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ìṣirò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ṣe é: ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún ní ọdún kan ṣoṣo, ọdún tí ìjì ńlá kankan ò tilẹ̀ dé. Kò sunkún. Ó ká téèpù náà jọ díẹ̀díẹ̀, ó ní, “Màmá mi ò mọ omi wẹ̀ o.”

Ní ọjọ́ Àìkú kejì a gbé ètò wá síwájú ìgbìmọ̀. Ó pé, ó yanjú. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣí ibojì àtijọ́ nípò ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n nílò. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa: iye ọjọ́ tí mo fi kọ́ fẹ́ǹsì náà ni. Èyítáyọ̀ ti buwọ́ lùwé tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà la máa tún wọn sin sí, omi ò dé ibẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìbuwọ́lùwé onílẹ̀. Onílẹ̀ ni àwa.

Alàgbà Olúṣínà bọ́ gíláàsì wọn. “Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà láti ẹ̀yìn ni iwájú ilé àdúrà. Òkú mẹ́rìnlélógún. Kí wọ́n gba iwájú pẹpẹ kọjá? Níbi tí àwa fúnra wa ti ń bọ́ bàtà?”

Èyítáyọ̀ dìde. “Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọ sùtánà yín fún ọdún mọ́kànlá?”

“Màmá ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.”

“Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n yọ àbàwọ́n ọbẹ̀ lára ọwọ́ rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n so ó kọ́. Ọwọ́ tó ń jẹ́ kí ẹ funfun níwájú pẹpẹ ló wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yẹn. Ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ fún mi pé wọn ò gbọdọ̀ gba iwájú ilé yìí kọjá.”

Alàgbà wo ọwọ́ aṣọ wọn. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú wọn pọ́n. “Ọmọ mi, mi ò sọ pé màmá rẹ ò mọ́. Ìlànà ni mò ń sọ.”

“Ìlànà náà lèmi náà fẹ́ sọ,” Bàbá Bọ̀wálé dá sí i. “Ọjọ́ méje àti ìwẹ̀nùmọ́, ta ni wọ́n ṣe é fún? Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú. Ìyẹn ni pé àwọn tó fi ìlànà lélẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fẹ́ kí á sá fún òkú pátápátá, kí ni wọ́n ṣe ìwẹ̀nùmọ́ sílẹ̀ fún? Ṣínà, ẹ ti ká ìdajì ìlànà mọ́wọ́, ẹ wá ń pe ìdajì yẹn ní ìwà mímọ́.”

Mi ò tíì gbọ́ èsì tó dáa sí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà. Èyí tí ìgbìmọ̀ fún wa, bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, rèé: “A ti gbọ́. A ó gbé e síwájú Olúwa.”

Mi ò bá àdúrà jà. Ìjọ aládùúrà ni wá, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ta ni “a”? Ọjọ́ wo ni yóò gbé e síwájú Olúwa, ọjọ́ wo ni yóò sì mú èsì wá? Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ẹni tó máa ṣe é, tí kò sì ní ọjọ́ tó máa parí, iṣẹ́ tí a ti pinnu pé a ò ní ṣe ni. Wọ́n sọ fún Tadlock ní 1909 pé àwọn yóò wò ó. Ó kéré tán, àwọn yẹn ní oko ìrèké tí wọ́n ń dáàbò bò. Kí ni àwa ń dáàbò bò? Èwo nínú wa ni yóò jàǹfààní bí Ezra bá bá odò lọ?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kì í ṣe odò nìkan. Àlejò làwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn lórí ilẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn ló mú wọn wá. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kú, àwọn ará ilé wọn jìnnà, ènìyàn kan ṣoṣo tí kì í ṣe ẹbí wọn ló béèrè orúkọ wọn. Àwa náà ńkọ́? A ti wà níbí fún ogójì ọdún, àádọ́ta ọdún. A kàwé, a kọ́lé, a bí Jayden àti Noah tí wọ́n ń sọ “ẹ káàárọ̀” tán tí èdè á sì dà pọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí a bá kú, ta ni yóò wọn bèbè odò nítorí tiwa? Àjèjì wo ló máa béèrè pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?” Bí àwa tí a gbọ́ orúkọ Wiley, tí a mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń pè, bá lè ti géètì mọ́ ọn kí á lọ jẹun, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe jù bẹ́ẹ̀ fún wa?

Bàbá Bọ̀wálé ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ẹ̀gbẹ́ Tadlock ni kí wọ́n sin àwọn sí. Mo bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní pálọ̀ wọn ní Mission Bend, bóyá ẹ̀rù ò bà wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ìdí tí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn.”

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí, mo sì fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹni tó lórúkọ.

Alàgbà Olúṣínà, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, kí ẹ buwọ́ lùwé àṣẹ náà, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ géètì tí a dá padà fún yín lé Bàbá Bọ̀wálé lọ́wọ́, kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kí ìgbìmọ̀ ka orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tí odò ti gbé lọ sétígbọ̀ọ́ ìjọ, títí kan ti ẹni tí kò lórúkọ, pé ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún ìjọ ìdí tí lẹ́tà mẹ́rin kò fi ní èsì kankan. Ní ti ẹni tí yóò fọwọ́ kan òkú, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti bá àwọn onímọ̀ náà gbé wọn, kí wọ́n sì jókòó síta fún ọjọ́ méje gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Orúkọ Èyítáyọ̀ ló ṣáájú. Ààyè kẹtàdínlógún ṣófo, Alàgbà. A fi í sílẹ̀ fún yín, tọkàntọkàn ni.

Bí agogo márùn-ún bá lù tí ìwé kò jáde, Èyítáyọ̀ yóò lọ síwájú adájọ́ láti gba àṣẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, èmi yóò dé sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn pẹ̀lú sípánà. Mo mọ ibi tí gbogbo nọ́ọ̀tì fẹ́ǹsì yẹn wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e ró. Wákàtí mẹ́ta ni màá fi tú u.